Báwo Ni Àjẹ̀ Pátákó Orí Omi Ṣe Yẹ Kó Gùn Tó?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra pátákó tí wọ́n ń dúró wà lórí omi sábà máa ń gba ìmọ̀ràn mẹ́ta tí kò bára mu kó tó kúrò nílé ìtajà. Ẹnì kan á ní kó fi ínṣì 6 lé gíga rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní rárá o, ínṣì 10 ni. Ẹnì kẹta á ní kó na ọwọ́ sókè, ibi tí ọrùn ọwọ́ bá dé ni kí àjẹ̀ parí sí. Bó bá wá délé tó tú ẹrù, yóò rí nọ́ńbà lára ọ̀pá náà, láti nǹkan bíi 170 títí dé 210, kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé èwo ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn fà á gùn dé òpin, torí wọ́n gbà pé èyí tó gùn jù ló lágbára jù. Kí wákàtí kan tó pé lórí omi, èjìká á ti máa ro wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Pàápàá láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, pátákó tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ti di ohun tí èèyàn ń rí rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní Britain, pẹ̀lú pọ́ǹpù àti àjẹ̀ nínú àpò kan ṣoṣo. Ohun tí kì í sí nínú àpò náà ni ẹni tí yóò ṣàlàyé bí a ṣe ń wọn àjẹ̀ náà mọ́ra. Mo fẹ́ ṣe é níbí, nítorí ó dùn mí bí àwọn èèyàn ṣe ń pa eré tó dára tì, tí wọ́n ń sọ pé ara àwọn kò gbà á, nígbà tó jẹ́ pé àjẹ̀ ni kò bá ara wọn mu.

Kí ló ń jẹ́ kí ni lára àjẹ̀?

Eré tí à ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní stand-up paddleboarding, SUP ní kúkúrú. Èèyàn á dúró lórí pátákó gbọọrọ tó léfòó, á wá máa fi àjẹ̀ kan ṣoṣo wa ara rẹ̀ lọ, lápá ọ̀tún díẹ̀, lápá òsì díẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ sún mọ́ omi, àjẹ̀ kúkúrú ti tó o. Ẹni tó dúró jìnnà sí omi, ìdí nìyẹn tí àjẹ̀ rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Èyí tó wà lókè pátápátá, tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan bò, ni ìdìmú. Ó sábà rí bíi lẹ́tà T. Èyí tó tẹ̀lé e ni ọ̀pá, tí wọ́n ń fi alumíníọ̀mù, fáíbà tàbí kábọ́nì ṣe. Apá pẹlẹbẹ tó ń wọ inú omi ni ewé, tó máa ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 45. Ibi tí ọ̀pá àti ewé ti pàdé ni a ó máa pè ní ọrùn àjẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àjẹ̀ kan jẹ́ 190, sẹ̀ntímítà ni, láti orí ìdìmú títí dé ẹnu ewé nísàlẹ̀ ni ó wọ̀n.

Ohun kan wà lára ewé yìí tó máa ń ṣi àwọn olùbẹ̀rẹ̀ lọ́nà. Ewé náà kò tọ́ gbọọrọ tẹ̀lé ọ̀pá. Ó tẹ̀ díẹ̀, bíi dígírì 10. Bí ẹ bá gbé àjẹ̀ dúró, iwájú, ìyẹn ibi tí pátákó ń lọ, ni ẹnu ewé gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín. Ojú lè máa sọ fún yín pé òdìkejì ló bọ́gbọ́n mu, nítorí ó jọ pé yóò kó omi dáadáa. Ẹ má dá a lóhùn. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe àjẹ̀ sábà máa ń wà ní ojú ewé tó kọjú síwájú, ẹ lè fi ìyẹn mọ̀ ọ́n. Ẹni tó di àjẹ̀ mú sódì kò lè mọ̀ bóyá gígùn rẹ̀ tọ́, torí gbogbo ohun tí ara rẹ̀ ń sọ fún un kò ní í jẹ́ òótọ́.

Ṣé omi tó jìn ló ń béèrè àjẹ̀ tó gùn?

Rárá. Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá fún ọ̀pọ̀ wa. Ní ọ̀sà Èkó, awakọ̀ tó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ máa ń ki ọ̀pá gígùn bọ omi, á fi ti ilẹ̀ ìsàlẹ̀, ọkọ̀ á sì sún síwájú. Ọ̀pá yẹn gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, nítorí náà jíjìn omi ló ń sọ bí yóò ṣe gùn tó. Níbi tí omi bá ti jìn jù ú lọ, awakọ̀ á fi ọ̀pá sílẹ̀, á mú àjẹ̀. Àjẹ̀ kì í wá ilẹ̀. Omi tó wà lójú ni ewé ń gbá mú, ohun tó sì wà nísàlẹ̀ kò kàn án. Odò tí kò mu yín ju itan lọ àti agbami òkun, àjẹ̀ kan náà ni ẹ ó lò.

Kí ni àṣìwọ̀n máa ń fà?

Bí ẹ bá ki ewé bọ omi, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó rì, títí dé ọrùn àjẹ̀, kó má sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó kù lókè omi nígbà náà ni ara yín ń bá ṣiṣẹ́. Bí ọ̀pá bá dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, tí ewé ti rì tán, ọwọ́ yín tó wà lórí ìdìmú yẹ kó wà láàárín èjìká àti iwájú orí. Ibẹ̀ ni gbogbo àlàyé yìí dá lé. Nọ́ńbà yòówù tí wọ́n bá fún yín nílé ìtajà, ọ̀nà láti mú ọwọ́ yín dé ibẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó gùn jù. Ewé rì tán, ṣùgbọ́n ìdìmú ti ga ju orí lọ, èjìká wá ń ṣiṣẹ́ lókè níbi tí kò ti lágbára. Èèyàn lè ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó má mọ nǹkan kan. Bó bá pẹ́, iwájú èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ara a sì máa wá ọ̀nà àbáyọ fúnra rẹ̀, ẹni náà á dẹ àjẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè wálẹ̀. Àjẹ̀ tó bá dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa gbá omi ní ìlà yíyípo, yóò sì máa yí imú pátákó padà dípò kó tì í síwájú. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin ni á wà á lápá kan tí á tún ní láti yára gbé e sí apá kejì kó tó lè lọ tààrà. Bí ẹ bá rí ẹni tí pátákó rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lórí omi tó dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọwọ́ òkè rẹ̀ wà.

Èyí tó kúrú jù ń fi ìyà tirẹ̀ jẹ ìbàdí. Ẹni náà á ní láti tẹ̀ kóló bí ẹni tó ń gbálẹ̀ kí ewé tó lè rì. Bí kò bá sì tẹ̀, ìdajì ewé á wà níta, omi á máa ta pàrà, agbára á máa ṣòfò. Síbẹ̀, nínú ibi méjèèjì, èyí tó gùn jù ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tí àjẹ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀ lè tẹ orúnkún, kó fi ìgbáròkó tẹ̀ síwájú, ó sì yẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà. Ẹni tí tirẹ̀ gùn jù kò ní ibi tí yóò sá sí, kò lè mú ara rẹ̀ ga sí i. Nítorí náà, bí gígùn méjì bá ń bá ara wọn du ọkàn yín, ẹ mú èyí tó kúrú.

Èwo ni ká gbà nínú ìmọ̀ràn mẹ́ta yẹn?

Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí kálukú fẹ́ fi àjẹ̀ ṣe ló yàtọ̀.

Orí ìgbì òkun ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní Waikiki ní àwọn erékùṣù Hawaii, níbi tí àwọn tó ń kọ́ àlejò ní eré ìgbì ti ń dúró lórí pátákó ní ọ̀rúndún tó kọjá, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ ọkọ̀ wa ara wọn. Ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn eléré ìgbì bíi Laird Hamilton àti Dave Kalama sọ ọ́ di ohun tí ayé ń wò. Láti ibẹ̀ ló ti dé orí odò, adágún àti ibi ìdíje. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Fún orí ìgbì, èyí tó wọ́pọ̀ ni kí àjẹ̀ fi sẹ̀ntímítà 15 sí 20, ìyẹn ínṣì 6 sí 8, ga ju ẹni tó ń lò ó lọ. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń lọ sí sẹ̀ntímítà 10 pàápàá. Ẹni tó ń gun ìgbì máa ń ká orúnkún, ara rẹ̀ á wálẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ lè gbé àjẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì kí ojú tó ṣẹ́. Àjẹ̀ gígùn á dí i lọ́wọ́.

Fún omi tó dákẹ́, irú èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ rìn lórí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, sẹ̀ntímítà 20 sí 25 ni, ínṣì 8 sí 10. Fún ìdíje, ìwọ̀n tí wọ́n máa ń sọ ni 25 sí 30, ínṣì 10 sí 12, nítorí eléré máa ń na àjẹ̀ jìnnà síwájú kó tó ki í bọ omi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ eléré ìdíje ti ń gé tiwọn kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ nísinsìnyí, torí àjẹ̀ kúkúrú ń jẹ́ kí ọwọ́ yá. Nítorí náà, bí ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín bá ga jù, ó lè jẹ́ ti àtijọ́, ó sì lè jẹ́ ti eléré ìdíje.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 7, ìyẹn sẹ̀ntímítà 170. Bó bá ń lọ sí etíkun Tarkwa Bay ní Èkó láti bá ìgbì ṣeré, kó bẹ̀rẹ̀ ní 185 sí 190. Bó bá jẹ́ orí odò tó rọ̀ ní Kent ní Britain ló fẹ́ ti ṣe fàájì, 190 sí 195. Nígbà tó bá sì ń bá èèyàn díje, 195 sí 200. Ẹ wò ó, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, sẹ̀ntímítà 15 péré ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ìyẹn ló wà láàárín ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ àti ẹni tí èjìká rẹ̀ ń sunkún.

Ìmọ̀ràn ọwọ́ nínà wá ńkọ́? Ó ní àǹfààní kan tí nọ́ńbà kò ní: ó ń ka ọwọ́ yín mọ́ ọn. Àwọn méjì lè ga bákan náà kí apá ọ̀kan gùn ju ti èkejì lọ. Ẹ na apá sókè gbọnrangandan, ẹ tẹ àtẹ́lẹwọ́ síwájú, kí ìdìmú kan ọrùn ọwọ́. Ọ̀nà míràn tún wà tí àwọn ará Hawaii mú lò: ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ na àtàǹpàkò àti ọmọ-ìka-kékeré nìkan, ẹ gbé ọmọ-ìka-kékeré sí àtàrí, kí ìdìmú dé orí àtàǹpàkò. Ìdí tí méjèèjì kì í fi dọ́gba nìyí: ọrùn ọwọ́ tó nà sókè máa ń fi bíi sẹ̀ntímítà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ga ju orí àgbàlagbà lọ, ìka méjì tó nà náà kì í sì í sábà kọjá 15 sí 20. Ọ̀kan ń fún yín ní ìwọ̀n omi dídákẹ́ tó ga jù, èkejì ń fún yín ní ìwọ̀n ìgbì. Ẹ lè lo ọ̀nà ọwọ́ nínà nílé ìtajà tí kò sí téèpù, ṣùgbọ́n ẹ mú un bí òpin tí àjẹ̀ yín kò gbọdọ̀ kọjá.

Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó wọ̀n. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ń gbé lórí pátákó, bàtà olókè sì lè fi sẹ̀ntímítà mẹ́ta parọ́ fún yín. Téèpù aránṣọ máa ń parí ní 150, kò ní í dé òkè, ti káfíńtà ni kí ẹ lò.

Ṣé pátákó tí mo dúró lé kàn án?

Ó kàn án gan-an, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ràn ilé ìtajà ti máa ń kù díẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, orí ilẹ̀ kan náà ni ẹ̀yin àti àjẹ̀ jọ dúró lé. Lórí omi, pátákó ti gbé yín sókè. Ọ̀pọ̀ pátákó tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nípọn tó sẹ̀ntímítà 15. Àwọn líle sábà máa ń tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 10 sí 12. Pátákó á rì díẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó bá sì wúwo á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó fúyẹ́ lórí pátákó tó nípọn máa jìnnà sí omi ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí, ẹ lè fi sẹ̀ntímítà 2 sí 5 kún un. Àfikún yìí nìkan ni mo fara mọ́ tọkàntọkàn.

Ewé náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé gbogbo ewé ló ń rì, àjẹ̀ méjì tó jọ jẹ́ 190 lè má bára dọ́gba lọ́wọ́ yín. Bí ewé ọ̀kan bá jẹ́ 42 tí ti èkejì jẹ́ 47, ọ̀kan á ṣẹ́ 148 kù lókè omi, èkejì á ṣẹ́ 143. Ẹni tó bá ti mọ̀ ìwọ̀n tirẹ̀ tó wá pààrọ̀ àjẹ̀, kó wọn láti ìdìmú dé ọrùn àjẹ̀, kó fi ìyẹn wé ti àtijọ́.

Báwo la ṣe ń dán an wò?

Orí omi ni ìdájọ́ wà. Ẹ wá ibi tí omi ti dákẹ́, tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sójú agbami, ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ẹ so okùn pátákó mọ́ra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní gíga yín pẹ̀lú sẹ̀ntímítà 20. Ẹ ká orúnkún díẹ̀, ẹ na ewé síwájú, ẹ ki í bọ omi nítòsí ìka ẹsẹ̀ yín tàbí síwájú rẹ̀, kí ewé rì tán kí ẹ tó fà á, kí ó sì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ ṣe é fún ìgbà díẹ̀ kí ara mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹnì kan wò yín láti ẹ̀gbẹ́, tàbí kó fi fóònù ká a. Ẹ dá fídíò náà dúró níbi tí ewé ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rì tí ọ̀pá sì dúró ṣánṣán. Bí ọwọ́ òkè bá ga ju orí lọ, ẹ dín in kù ní 2 tàbí 3. Bó bá wà lábẹ́ èjìká, tí ẹ̀yìn sì tẹ̀, ẹ fi iye kan náà kún un. Ẹ má fo 10 lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹ ó kọjá ibi tí ẹ ń wá. Ara kì í tètè fún yín lésì ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú ogún ni kí ẹ fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan.

Bí atẹ́gùn bá dé tí ẹ sì kúnlẹ̀, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti tún àjẹ̀ kúrú. Ẹ gbé ọwọ́ òkè kúrò lórí ìdìmú, ẹ di ọ̀pá mú nísàlẹ̀ rẹ̀.

Kí ni nọ́ńbà 85 tàbí 95 tí wọ́n kọ sára ewé?

Kì í ṣe gígùn. Bí ewé ṣe fẹ̀ tó ni, ní ínṣì oníbùú-lóòró. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń da méjèèjì pọ̀, wọ́n ń gé àjẹ̀ kúrú nígbà tó jẹ́ pé ewé ló tóbi jù. Bí ọwọ́ yín bá wà níbi tó yẹ, àmọ́ tí gbogbo fífà ń wúwo bí ẹni ń fa òkúta, gígùn kò jẹ̀bi. Ẹni tí kò sanra máa ń gbádùn ewé tó wà láàárín 80 sí 90, àwọn tó tóbi tí wọ́n sì lágbára á lọ sókè, dé 100 àti jù bẹ́ẹ̀.

Àjẹ̀ tí ọ̀pá rẹ̀ ń sún gùn tàbí kúrú, àbí èyí tí wọ́n gé sí ìwọ̀n kan ṣoṣo?

Fún olùbẹ̀rẹ̀ àti fún ilé tí èèyàn púpọ̀ ti jọ ń lo pátákó kan, mi ò rí ìdí tí ẹnì kan fi máa ra èyí tí kì í sún. Èyí tó ń sún máa ń ní irin tí a ń pa dé tàbí bọ́tìnnì kékeré tó ń yọ lójú ihò. Ti bọ́tìnnì, ẹ rí i pé ó yọ síta tán, kó ró kọ̀, kí ẹ tó gbé e wọ omi. Ẹ tún wo ìdìmú pẹ̀lú ewé láti òkè, T náà gbọ́dọ̀ bá ojú ewé dọ́gba. Bí ẹ bá ti lò ó lókun, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án, torí iyanrìn àti iyọ̀ ló ń jẹ́ kó há.

Èyí tí wọ́n gé ń bọ̀ wá fún ẹni tó ti mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ dájú. Ó fúyẹ́, kò sì sí ibi tó ti ń mì. Wọ́n á tà á fún yín pẹ̀lú ọ̀pá gígùn àti ìdìmú lọ́tọ̀. Ẹ ki ìdìmú bọ ọ́ kí ẹ tó wọ̀n, torí ìdìmú fúnra rẹ̀ máa ń fi sẹ̀ntímítà mélòó kan kún un. Ẹ wé téèpù bébà mọ́ ibi tí ẹ fẹ́ gé kí ó má ya, ẹ lo ayùn eléyín kéékèèké, ẹ bo imú, nítorí eruku kábọ́nì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gé e kó gùn díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Gọ́ọ̀mù tí a ń fi iná yọ́ ni kí ẹ fi lẹ ìdìmú, kí ẹ lè tún yọ ọ́ gé bó bá ṣì gùn. Ọ̀pá tó ti kúrú jù kò ní àtúnṣe.

Ọmọdé ńkọ́?

Ẹ má fún ọmọ ní àjẹ̀ àgbà tí ẹ sún dé òpin ìsàlẹ̀. Bó tilẹ̀ bá a mu ní gígùn, ọ̀pá rẹ̀ ki ju ọwọ́ ọmọ lọ, ewé rẹ̀ sì tóbi ju agbára rẹ̀ lọ. Ti ọmọdé wà, ó ń sún, gíga ọmọ náà pẹ̀lú sẹ̀ntímítà 15 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ọmọ ń ga. Ní ti àwọn àgbà tó ń pín àjẹ̀ kan lò, ẹ wé téèpù aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ọ̀pá inú níbi tí ìwọ̀n kálukú bọ́ sí, pupa fún ìyá, dúdú fún bàbá. Ẹni tó bá kan kò ní í máa wá téèpù káfíńtà kiri ní etí omi.